Páàlì Pupa Ẹnu Ọ̀nà: Bí A Ṣe Wá Ilé Ìwé fún Ọmọbìnrin Wa ní Ilé-Ifẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Èrèlé ni àbúrò mi obìnrin ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Lágere gba ilé mi wá. Kò tíì jókòó tó ti ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá ọmọ yìí ti ra fọ́ọ̀mù Ìpetumodù o." Bó ṣe fi ohùn sọ ọ́, ẹ ó rò pé wọ́n ti gbé ọmọ náà sá lọ ni.

Ẹni tí kì í ṣe ará agbègbè wa lè má mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Federal Government Girls' College wà ní Ìpetumodù, lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀ rárá. Ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ ni, ọmọbìnrin nìkan ló ń lọ síbẹ̀, NECO ló sì ń ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ọmọ wọlé. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń gbàdúrà kí ọmọ wọn wọ ibẹ̀. Àmọ́ bọ́dìn ni bàbá ọmọ yìí ní lọ́kàn, ọmọ náà sì ní fòníkú-fọ̀ladìde. SS ni jẹnótáìpù rẹ̀.

Mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ àbúrò mi, ìyá rẹ̀, kí n tó kọ èyí. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, n kò sì ní dárúkọ ìkankan nínú àwọn ilé ìwé àdáni tí a dé, torí n kò wá bá wọn jà. Mo fi ọdún 27 kọ́ àwọn ọmọ ní Bàólọ́jì ní Iléṣà kí n tó fẹ̀yìn tì, tí mo wá jókòó sí Párákìn. Mo rò pé bí mo bá ti fẹsẹ̀ kan wọ ọgbà ilé ìwé, mo ti mọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ ó rí i pé èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ ṣì wọ́n lọ́nà.

Abuja ni bàbá ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ẹ má bú u. Ó ní ìyá ọmọ ń kẹ́ ẹ jù, pé ọmọ tó ń ṣàìsàn gan-an ló yẹ kó tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá dúró. Lórí fóònù ló ti sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé a ò ní wà pẹ̀lú rẹ̀ títí ayé." Mo mọ̀. Mo sì mọ àwọn ọmọ tí jẹnótáìpù wọn jẹ́ SS tí mo kọ́ ní Iléṣà, tí wọ́n ṣe bọ́dìn láti JSS 1 dé SS 3, tí wọ́n yege. Dókítà tó ń tọ́jú ọmọ náà kò sọ pé kò gbọdọ̀ lọ. Ó kàn bi wá pé: lóru tí ẹsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kó tó di igbe, ta ni yóò mọ̀?

Ìbéèrè yẹn mú wa ronú, àmọ́ òun kọ́ ló parí ọ̀rọ̀. Ohun tó parí rẹ̀ ni èyí tí àbúrò mi sọ fún mi nínú kíṣìnì, lẹ́yìn tó ti yọjú wo pálọ̀ bóyá ẹnìkan ń gbọ́. Ó ní ọmọ náà ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Kì í ṣe lójoojúmọ́, bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọmọ ọdún 11. Àbúrò mi ti ń fi í pamọ́ fún gbogbo wa, títí kan bàbá ọmọ. Òru ló ń jí fọ aṣọ, tí yóò sá a sẹ́yìn ilé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó rò pé òun ni kò kọ́ ọmọ dáadáa.

Mo fi í jókòó. Mo ní, ṣé o rí i, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó tẹ̀ bíi dòjé yìí kì í dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú egungun nìkan, ó ń ba kíndìnrín náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kíndìnrín tiwa máa ń fa omi padà sára, kí ìtọ̀ lè ki, kó sì kéré. Tàwọn ọmọ SS kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìtọ̀ wọn máa ń pọ̀, ó máa ń mọ́ bí omi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń tọ̀ sórí ẹní títí tí wọ́n fi ń bàlágà. Bẹ́ẹ̀ la ò lè ní kí wọ́n má mumi, torí bí omi bá ti gbẹ lára wọn, kíráísì, ìrora ńlá tó máa ń kọlù wọ́n, dé nìyẹn. Omi tó ń mu kò gbọdọ̀ dín, ìtọ̀ rẹ̀ kò sì lè dín. Àbúrò mi wò mí títí. Ó ní, "Ọdún mélòó lẹ ti mọ èyí tí ẹ ò sọ fún mi?" N kò rí èsì fọ̀. Mo ti kọ́ àìmọye kíláàsì ní iṣẹ́ kíndìnrín, ó sì kọjá lọ létí mi bí ọ̀rọ̀ inú ìwé.

A pe bàbá rẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́ débi tí a rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa ti ilé lọ."

Ó wá ku ti ọmọbìnrin nìkan. Àbúrò mi ló ta kú sí èyí. Ilé ìwé ọmọbìnrin lòun náà lọ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí, inú sì bí i nígbà tí ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá da àwọn ilé ìwé pọ̀, tí ọmọkùnrin wọ ibi tí ọmọbìnrin nìkan ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ ó rántí bí àwọn Onítẹ̀bọmi ṣe fẹ̀hónú hàn ní Òṣogbo ní 2013 lórí Baptist Girls' High School. Lọ́dún 2020 ni ìjọba Oyètọ́lá tó dá a padà. Kí n sọ òótọ́, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà pé ọmọbìnrin kì í gbọ́n níbi tí ọmọkùnrin bá wà. Mo ti kọ́ oríṣi méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹyinjú ọmọ wa máa ń ní àwọ̀ iyeyè nítorí àìsàn yìí, àwọn ọmọkùnrin kan ní púráímárì sì ti sọ ọ́ ní "Yẹ́lò." Kì í dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì mọ́, kí wọ́n má baà yíjú wò ó. Mo ní ó dáa, ọmọbìnrin nìkan. Ilé ìwé ìjọba tó sún mọ́ wa, èrò ti pọ̀ jù ní kíláàsì, tíṣà kan kò lè mójú tó ọmọ kan lọ́tọ̀. Báyìí ló ṣe di ilé ìwé àdáni, ti ọmọbìnrin, tí ọmọ á máa ti ilé lọ. Nígbà tí a yọ àwọn tó jìnnà àti àwọn tí owó wọn kọjá agbára wa, mẹ́ta ló kù.

Èyí àkọ́kọ́, èmi ni mo yìn ín. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. Táìsì ń dán gbinrin, wọ́n gbé omi tútù fún wa, ọmọge tó gbà wá lálejò ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí àbúrò mi sanwó fọ́ọ̀mù lójú ẹsẹ̀, ó san án. Ọmọge náà ń bá wa kọ ọ́, àfi ìgbà tó dé ojú ìlà jẹnótáìpù. Bíró rẹ̀ dúró. Ó dìde, ó wọ inú ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀, nígbà tó máa jáde, bébà kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀: kí òbí fọwọ́ sí i pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí nínú ọgbà, ọwọ́ ilé ìwé kò sí níbẹ̀. Ó ní gbogbo òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Àbúrò mi ti ń na ọwọ́ sí bíró. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ ro ó. Ní géètì, a bá àwọn ọmọ SS 3 tó ń ra gúgúrú. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti máa ṣe WAEC. Wọ́n ń wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Mà, ìlú kan báyìí ni wọ́n máa ń kó wa lọ." Ẹ gbọ́ nǹkan. Ilé ìwé tí WAEC kò tíì fọwọ́ sí kò lè fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Orúkọ ilé ìwé mìíràn ni ọmọ á fi jókòó, àwọn ni yóò sì fi máàkì iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn tí kò kọ́ ọ ní ọjọ́ kan. Rìsẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri níbi tí a ti mu omi tútù, ti ta ni? Owó fọ́ọ̀mù náà kò padà wá. Mo dá ìdajì rẹ̀ padà fún àbúrò mi lápò ara mi, ojú sì tì mí.

Èkejì, àwọn sísítà ló ń darí rẹ̀. N kò lè sọ ohun búburú kan nípa ẹ̀kọ́ wọn. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìwé práktíkà Físíìsì ọmọ SS 2 kan, ìyẹn tí wọ́n fi ń so òkúta mọ́ okùn tí wọ́n á jẹ́ kó máa fì. Ọmọ tó bá da ìdáhùn kọ láti inú ìwé, 9.8 gẹ́lẹ́, ìyẹn iye òòfà ilẹ̀ tó wà nínú ìwé, ló máa ń rí, gbogbo àmì orí gíráàfù rẹ̀ á sì tò bí ọmọ ogun. Ti ọmọ yìí kò tò bẹ́ẹ̀. Ó rí 9.3. Tíṣà rẹ̀ fi yíńkì pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kó tún àkókò rẹ̀ kà, kó fì ín nígbà 20 dípò 10. Ó tún un ṣe, ó rí 9.7. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ gba ìwé náà lọ sílé. Ilé ìwé tí wọ́n ti ń ṣe práktíkà gidi nìyẹn.

Àmọ́ ọmọ bọ́dìn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ibẹ̀. Àwọn tó ń ti ilé wá kò tó 20. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè bí ọjọ́ ọmọ tó ń ti ilé wá ṣe ń lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí. Agogo méjì ààbọ̀ lọmọ ilé ń lọ. Agogo mẹ́rin ni lẹ́sìn, ìyẹn àfikún ẹ̀kọ́, ń bẹ̀rẹ̀, prep sì ń bẹ lálẹ́, níbi tí tíṣà ti ń tún èyí tí kò yé ọmọ ṣe. Bí ẹnìkan ò bá sọ fún ọmọ ilé, kò ní mọ̀ pé wọ́n ti kọjá orí kan. Ilé ìyàgbẹ́ tó dáa wà nínú dọ́mítìrì, dọ́mítìrì sì ń wà ní títì látàárọ̀ dọ̀sán. Méjì tó wà lẹ́yìn kíláàsì ni wọ́n fi sílẹ̀ fáwọn yòókù. Mo lọ wò ó. Ihò bọ́ọ̀tù wà lára ìlẹ̀kùn méjèèjì, bọ́ọ̀tù kò sí. Ọmọ kan fẹ́ wọlé, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó bá òun di ìlẹ̀kùn mú, ọ̀rẹ́ náà kọ ẹ̀yìn síta, ó ń kọrin kékeré. Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé ohun kékeré ni mo ń sọ. Ọmọ tó bá ti rí irú ìlẹ̀kùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀, kò ní mumi mọ́ láàárọ̀ kó má baà ní láti lọ. Fún ọmọ tiwa, kò mumi túmọ̀ sí ọsibítù.

Mo bi sísítà tó mú wa káàkiri pé ṣé ọmọ lè jáde lọ tọ̀ lásìkò ẹ̀kọ́. Ó ní rárá, wọ́n ní àkókò ìsinmi. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní wọ́n á ṣe ìyọ̀ǹda fún un. Mo gbà á gbọ́, olóòótọ́ èèyàn ni. Àmọ́ ìyọ̀ǹda yẹn, lójú kíláàsì ni yóò ti máa tọrọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́.

Ẹ̀kẹta, bàbá ọmọ ì bá wà níbẹ̀ ni, kò ní jẹ́ ká wọlé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n háyà ni, kíláàsì kan wà nínú ohun tó ti fi gbogbo ara jọ gáréèjì. Ìyá kan tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà bíi tèmi ló dá a sílẹ̀. Ó fi ìwé àṣẹ tí ìjọba ìpínlẹ̀ fún un hàn mí láìjẹ́ pé mo béèrè, ó sì sọ fún mi pé JSS nìkan lòun ń ṣe. Kò sí lábù. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ló wà, maikirosíkóòpù kan nínú rẹ̀, dígí abẹ́ rẹ̀ ti fọ́. Ọkàn mi ti ń padà sílé.

Ìgbà náà ni ọmọ kan dìde nínú kíláàsì tí a dúró síwájú rẹ̀. Tíṣà ń kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù, kò yíjú. Ọmọ náà rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó yọ páàlì pupa kan tí wọ́n fi okùn kọ́ sára ìṣó, ó gbé e kọ́rùn, ó jáde. Kò pẹ́ tó fi dé, ó dá páàlì padà sórí ìṣó, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó wò ó. Mo lọ fọwọ́ kan páàlì náà. Páàlì Gálà ni wọ́n gé e lára, wọ́n kùn ún, etí rẹ̀ ti dúdú nítorí ọwọ́. Mo ní kí lèyí. Ìyá náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà jẹ́ ọmọbìnrin rí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó gbé páàlì, kó lọ. Bí páàlì ò bá sí lórí ìṣó, ẹnìkan wà níta, kó dúró dè é." Bọ́ọ̀tù wà lára gbogbo ìlẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ wọn. Omi tánkì ń yọ.

A sọ fún un pé SS ni ọmọ wa. Kò dìde lọ mú bébà. Ó béèrè pé, "Ibo ló máa ń kọ́kọ́ ro ó?" Àbúrò mi ní orúnkún ọ̀tún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ta ni ká kọ́kọ́ pè?"

Bàbá ọmọ bínú gidigidi. Ó ní ilé ìwé tí kò ní lábù, tí kò ní rìsẹ́ẹ̀tì WAEC, ṣé torí páàlì la fi fẹ́ fọmọ òun síbẹ̀? Ìbéèrè tó dáa ni, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta rò ó. Èsì tí mo fún un ni pé ìdí tí a fi ń jà ni pé ilé ìwé ọdún mẹ́fà la ń wá. Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún 9 tí òfin UBE ọdún 2004 là sílẹ̀, ní JSS 3 ló ti ń parí. Ọmọ á ṣe ìdánwò BECE, á sì lè kọjá sí ibòmíràn. Ní JSS, kò ní nílò lábù Físíìsì. Ohun tó nílò ni kó wà ní kíláàsì, kó má máa pa ilé ìwé jẹ, kí ẹnu rẹ̀ là. Nígbà tó bá di SS, a ó mú un lọ bá àwọn sísítà, yóò ti dàgbà, àfàìmọ̀ kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni yóò ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀tù sí ìlẹ̀kùn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó san owó táàmù kan péré, ó ní òun ń wò wá.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nípa ilé ìwé tí ọmọ ń ti ilé lọ ni pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni. Agogo mẹ́ta ọ̀sán wọ́n ń jáde, agogo méje àbúrò mi ń ti ṣọ́ọ̀bù. Àárín méjèèjì, ta ló wà nílé? Èmi ni. Kéké tí a mọ ẹni tó ni ín ló ń gbé e wá sí Párákìn, ó ń jẹun, ó ń lo fólíìkì rẹ̀ àti Paludrine, oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú un, ó ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá lórí tábìlì mi. Bí kò bá sí èmi, n kò mọ ohun tí à bá ṣe, n kò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ó rọrùn.

Nínú oṣù Bélú, ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Tíṣà eré ìdárayá tuntun kan dé, kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì. Kéké pẹ́ lọ́jọ́ kan, ọmọ wa wà lára àwọn tó pẹ́ dé, tíṣà ní kí wọ́n kúnlẹ̀ sójú oòrùn, lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ fà koríko. Kò sọ pé òun ń ṣàìsàn. Ọmọ wo ló fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹgbẹ́? Kò sì mumi títí di ọ̀sán. Òru ọjọ́ yẹn la gbé e lọ sí ọsibítù Yunifásítì, ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Àbúrò mi ní òun ti yọ ọ́ kúrò, kò ní padà síbẹ̀.

Ìyá tó ni ilé ìwé wá sí wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kejì, ó mú tíṣà náà dání. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọn ò sọ fún un. Bébà tí a fi kọ orúnkún ọ̀tún wà nínú dúrọ́ọ̀ ìyá náà, kò sí nínú rẹ́jísítà. Ó ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ má bá ọmọ yìí wí." Lóòótọ́ ló jẹ̀bi. Àmọ́ àwa náà, ẹnì kan ṣoṣo la sọ fún nínú gbogbo ilé ìwé, a wá lọ sùn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn rẹ́jísítà kíláàsì rẹ̀, ó sì pe gbogbo tíṣà jọ, ó ní kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀. Mo fi ìṣẹ́jú 40 sọ̀rọ̀ kíndìnrín. N kò tíì rí kíláàsì tó gbọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí ní Iléṣà.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló bẹ ìyá rẹ̀ kó jẹ́ kí òun padà. Ẹni tó jókòó tì í ti bá a da nóòtì ọjọ́ mẹ́rin kọ, pẹ̀lú àwòrán ẹja nínú Basic Science tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ.

Bàbá rẹ̀ wálé fún Kérésì. Ó lọ sí ilé ìwé náà láìsọ fún wa, ó sì san owó táàmù méjì tó kù. Kò sọ ohun tó rí níbẹ̀. Orí ẹní ṣì ń tutù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ọ̀sán ni aṣọ rẹ̀ ń gbẹ báyìí, níwájú ilé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà gba ilé mi wọlé, kò tíì bọ́ báàgì tó ti ń yẹ abẹ́ tábìlì mi wò. Mo ní kí ló ń wá. Ó ní, "Bìg Mọ́mì, ẹ ní páàlì bísíkíìtì? Ti kíláàsì wa ti ya, tíṣà ní kí n gé tuntun wá."